Àwọ̀ Tí Kì Í Ṣe Ti Iná

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ojú Àwòdì lọ, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Òun kọ́ ló ń yà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé kámẹ́rà káàkiri, òun a máa jókòó sínú yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a máa bá àwọ̀ tí kò tọ́ jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. "Àwọ̀ àtọ̀húnrìnwá" ló ń pè é. Bí ẹ bá ya ènìyàn lábẹ́ gílóòbù àtijọ́, gbogbo ara rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi epo pa. Bí ẹ bá yà á lábẹ́ iná gbọọrọ inú ọ́fíìsì, àwọ̀ ewé á bà lé e lójú, á dà bí ẹni tí inú ń run. Bí ó bá dúró síbi òjìji ògiri lọ́sàn-án gangan, búlúù ni. Ojú wa kì í tètè rí èyí, nítorí ọpọlọ ti mọ bó ṣe ń yọ ọ́ kúrò láì sọ fún wa. Kámẹ́rà ni kì í báni bo àṣírí.

Bí ẹ bá wọ yàrá ọ̀hún, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ eérú ni ògiri, àwọ̀ eérú ni aṣọ fèrèsé, ẹ̀wù mẹ́fà tó fi ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn. Ó ní bí òun bá wọ ẹ̀wù pupa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, pupa náà á tàn sójú gíláàsì, á sì tan òun jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀, àfi kí òun kọ́kọ́ pè é kí ó dáhùn, kí òun má bàa gbé abọ́ fún ògiri.

Ká sòótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó kàn ń gba iwájú fọ́tò ìgbéyàwó kan kọjá lára ògiri ilé onílé, kò tilẹ̀ dúró, ó ní, "Abẹ́ igi ni wọ́n ti ya eléyìí, ewé ti ta àwọ̀ sí ìyàwó lẹ́rẹ̀kẹ́." Òótọ́ sì ni. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì, ọjọ́ náà sì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Nítorí kó tó di Ojú Àwòdì, ó ní ọ̀nà kan tó fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í yà kúrò nínú rẹ̀. Ó ní káàdì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ eérú gbáà, tí kò fì sí pupa, tí kò fì sí búlúù. Ibikíbi tí àbúrò rẹ̀ bá ti fẹ́ yàwòrán, fọ́tò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹn nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n ń yà. Bó bá délé, Ojú Àwòdì á tẹ káàdì náà lórí kọ̀ǹpútà, á sọ fún ẹ̀rọ pé, "Eérú rèé, má jiyàn," gbogbo fọ́tò yòókù á sì tò sáyè wọn. Àbúrò rẹ̀ ò jẹ́ gbàgbé káàdì yìí, torí ó ti bá a jà lórí rẹ̀ débi pé obìnrin náà ń lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, láti ìgbà tí orúkọ ti dé, kò ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́. "Ojú mi tó mi," ló máa ń sọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àbúrò rẹ̀ kó fọ́tò ọmọ tuntun dé. Ọmọ káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ títì ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ. Láti ọdún kejì tí wọ́n fẹ́ra wọn ló ti kan bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, tó fi àpò bò ó ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í pé ta ló ni ín. Ọmọ ọ̀hún wá dé nígbẹ̀yìn, ọkùnrin làǹtì-lanti, ó pé ọjọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n yà á.

Àwọn fọ́tò náà pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Inú yàrá tí aṣọ fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ti yà wọ́n, gílóòbù sì wà lókè tó ń jó. Ojú Àwòdì fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Ó tẹ aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ó ní kí ẹ̀rọ mú un bíi funfun. Yẹ́lò kúrò lára ògiri, ó kúrò lára ìrọ̀rí, ó kúrò lára ọwọ́ ìyá àgbà tó gbé ọmọ dání. Ọmọ fúnra rẹ̀ nìkan ló ṣì pọ́n rúsúrúsú.

Ibi tó yẹ kó ti dúró rò ó nìyẹn. Kò dúró. Ó pòṣé, ó ní, "Aṣọ yìí ló ń tàn mí. Wọ́n ti fi búlúù ìfọṣọ fọ̀ ọ́, kì í ṣe funfun tòótọ́." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àlàyé náà kò burú. Bí aṣọ bá ní búlúù lára, tí ẹ bá sọ pé funfun ni, ẹ̀rọ á fi yẹ́lò kún gbogbo nǹkan láti fi dí i. Ẹni tó mọṣẹ́ ló lè ronú bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọṣẹ́ ì bá kàn ti sọ pé ọmọ yìí pọ́n. Ó pa aṣọ tì, ó mú ara ọmọ náà bí ohun tí yóò fi wọn ìyókù, ó sì ń fa yẹ́lò kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ fi dúdú díẹ̀, tó ń dán, tó rẹwà bí ọmọ tó yẹ kó rí. Aṣọ di búlúù. Ó ní, "Ṣé mo sọ?" Ọwọ́ ìyá àgbà náà ṣá, ó wá dà bí ọwọ́ òkú. Ó gé ọwọ́ ìyá àgbà kúrò nínú fọ́tò.

Kò tíì parí rẹ̀ dáadáa tí káfíńtà fi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ìyẹ̀fun pákó lórí, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ìyàwó mi ló ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Ó wà lórí fóònù báyìí."

Ohùn obìnrin náà wọlé, ó rọ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwọ̀, mo fẹ́ béèrè ni. Bí mo ṣe ń wo ọmọ mi, ó ń ṣe mí bíi pé ó ti ń yẹ́lò jù. Ojú ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ó ti wá dé àyà rẹ̀ báyìí. Màmá mi ní gílóòbù ni, àti pé ọmọ tuntun máa ń pupa. Mo tún wá ń wò ó pé—"

"Gílóòbù ni," Ojú Àwòdì ní.

"Ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyí láti ọdún méjìdínlógún. Gílóòbù yín àti aṣọ fèrèsé yín ni wọ́n para pọ̀. Bàbá ọmọ rèé, ẹ jẹ́ kí ó wò ó kó sọ fún yín."

Ó fi fọ́tò méjèèjì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó pọ́n àti èyí tó ti tún ṣe. Káfíńtà sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Omi lé sí i lójú.

"Háà! Bàbá mi ló jọ yìí! Ìyá ọmọ, mo ti rí i o. Iná ni. Iná lásánlàsàn ni!"

Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Láti àná, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

Orí Ojú Àwòdì wú. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti fọkàn ìyá ìkókó balẹ̀, ó sì tún ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ènìyàn rere ni, ohun rere ló sì rò pé òun ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ fọ́tò náà jáde ní ńlá, torí káfíńtà fẹ́ fi férémù tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ gbé e kọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì nídìí fèrèsé kó gbẹ. Àbúrò rẹ̀ wọlé lọ́wọ́ ọ̀sán, ó gbé báàgì kámẹ́rà sílẹ̀, ó dúró tì í, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Bọ̀dá mi, kí ló ṣe aṣọ ọmọ yìí tó búlúù báyìí?"

"Búlúù ìfọṣọ ni."

"Búlúù ìfọṣọ bíi ti báwo? Èmi fúnra mi ni mo bá wọn já a kúrò nínú ọ̀rá. Aṣọ tuntun ni. Kò tíì fojú kan omi rí."

Ojú Àwòdì ń fọwọ́ tẹ́ etí fọ́tò náà.

"Ọwọ́ màmá dà? Torí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe ya eléyìí, ó dára lórí ọmọ."

"Mo gé e."

"Ẹ gé e ṣe kí ni?"

Ó fẹ́ sọ pé nítorí ó ṣá, ó dà bí ọwọ́ òkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́, kò sì lè sọ ọ́. Ọwọ́ ìyá àgbà ò ṣá lójúkorojú. Òun ló sọ ọ́ di ṣíṣá.

Àbúrò rẹ̀ wá rọra béèrè, torí ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́? Mo fi káàdì sí i o."

Ó jókòó, ó sì ṣí i. Ọmọ náà rèé, ó sùn, káàdì eérú wà létí rẹ̀. Ó tẹ káàdì. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré, gbogbo yàrá inú fọ́tò tò. Ògiri di funfun. Aṣọ di funfun, funfun tí kò lábùlà. Ọwọ́ ìyá àgbà padà sí àwọ̀ ara rẹ̀, ó dúdú, ó lọ́ràá. Ọmọ nìkan ló dùbúlẹ̀ láàárín wọn, ó yẹ́lò láti iwájú orí títí dé àyà. Ojú Àwòdì wá fọ́tò kan níbi tí ọmọ ti la ojú díẹ̀, ó fà á tóbi, ó tún fà á tóbi. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú rẹ̀ kò funfun.

Nínú iná ni àwọ̀ àtọ̀húnrìnwá ti máa ń wá, tàbí nínú ewé, tàbí nínú ògiri. Kò sí lára èyíkéyìí nínú wọn. Ara ọmọ ló wà. Ìyá ọmọ sì ti rí i pẹ̀lú ojú lásán, láìsí kọ̀ǹpútà, láìsí ẹ̀wù eérú, ó wá bi òun, òun sì lé e padà.

"Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ," ó ní.

"Ẹ dìde," àbúrò rẹ̀ ní. "Ẹ dìde, bọ̀dá mi, ká lọ."

Wọ́n pe fóònù káfíńtà, ó dún dún, kò gbé e. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀. Ojú Àwòdì kò mọ̀ pé sálúbàtà inú ilé lòun wọ̀, àfìgbà tí ọ̀kan já lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹ̀rọ tó ń fá pákó ló ń pariwo níbẹ̀ tí ọkùnrin náà ò fi gbọ́ fóònù. Àbúrò rẹ̀ ló wọlé tó fà á jáde, wọ́n sì jọ ń sáré lọ sílé, káfíńtà ń béèrè pé kí ló dé, Ojú Àwòdì ò rí èémí dáhùn.

Nílé, gílóòbù ń jó lọ́sàn-án gangan, aṣọ fèrèsé sì bò pátápátá. Ìyá ìkókó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ gbá ọmọ náà látẹ́lẹsẹ̀ kó lè jí mu ọyàn. Ọmọ ò jí. Ìyá rẹ̀ àgbà wà nídìí àpótí, ó ń ká aṣọ, obìnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

"Ẹ káàsán, mà. Ìyá ọmọ, ẹ gbé e lọ ọsibítù. Ẹ gbé e lọ báyìí." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kì í ṣe iná. Ohun tí mo sọ fún yín lánàá, irọ́ ni."

Káfíńtà dúró bí òpó. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Irọ́ bíi ti báwo? Ìwọ ayafọ́tò, ìgbà wo lo di dókítà? Ọmọ márùn-ún ni mo bí, gbogbo wọn ló pupa nígbà tí wọ́n dé ayé. Lánàá iná ni, lónìí kì í ṣe iná, o fẹ́ fi ẹ̀rù pa ọmọ mi ni?"

"Mi ò di dókítà, mà. Àwọ̀ nìkan ni mo mọ̀, mo sì ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn jẹ́ kí n pa iná yìí."

Kò dúró kí wọ́n gbà fún un. Ó pa gílóòbù, ó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé. Ìyá ìkókó ti dìde kó tó sọ pé kó dìde. Ó gbé ọmọ náà dúró nídìí fèrèsé, ó fi ìka kan tẹ imú rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti ń ṣe é tipẹ́ ní kọ̀rọ̀, tó sì ń bẹ̀rù ohun tó ń rí. Nígbà tó gbé ìka kúrò, ojú ibẹ̀ yẹ́lò kedere kó tó padà. Ó wo imú ọmọ náà, ó wo Ojú Àwòdì. Ìyá àgbà náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Kí lẹ wá dúró ń wò?" ìyá àgbà pariwo, ó ti sọ aṣọ sí èjìká, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú gbogbo wọn. "Ẹ wá ọkọ̀! Ṣé ẹsẹ̀ yín ti rọ ni?"

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan gba ọmọ náà, ó tú aṣọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ.

"Ìgbà wo lẹ ti kíyè sí i?"

"Láti ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì," ìyá ọmọ ní.

"Àìkú! Òní sì ni Ìṣẹ́gun. Kí ló dá yín dúró?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "A rò pé iná ilé ni."

"Ta ló sọ fún yín pé iná ni?"

Ìyá ọmọ lè nawọ́ sí i, Ojú Àwòdì sì dúró níbẹ̀ tó ń retí kó nawọ́ sí òun. Kò nawọ́. Ìyá àgbà wúkọ́, ó fẹ́ gbé ẹ̀bi náà rù, torí òun náà ti sọ ọ́. Èyí ló dun ọkùnrin náà jù lọ, pé àwọn ènìyàn tí òun ṣì lọ́nà ló tún ń bo òun láṣìírí.

"Èmi ni," ó ní. "Ó bi mí lánàá, mo sọ fún un pé iná ni. Wọn ò jẹ̀bi o, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí kò ní bàtà. "Dókítà ni yín?"

"Rárá, mà. Fọ́tò ni mò ń tún ṣe."

Nọ́ọ̀sì pòṣé, ó gbé ọmọ wọlé. Nígbà tó ṣe, dókítà jáde wá, ó bá wọn sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní nǹkan kan ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, òun ló ń sọ ara di yẹ́lò, tí ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì lágbára tó láti kó dànù. Ó ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ, àmọ́ ti ọmọ yìí ti ga. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ó lè wọ ọpọlọ lọ, ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Wọn yóò gbé e sábẹ́ iná búlúù kan tó máa ń bá ara já nǹkan ọ̀hún wẹ́wẹ́, wọn yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. "Bí ẹ bá fi di ọ̀la," ó ní, kò sì parí rẹ̀.

Ojú Àwòdì ò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó tan kọ̀ǹpútà, fọ́tò ẹni ẹlẹ́ni kan jáde, ó wò ó títí, kò mọ̀ bóyá pupa tó wà lójú ẹni náà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ògiri. Ó ya fọ́tò ńlá tó wà lórí tábìlì sí méjì, ó tún un ya sí mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, kò fi ṣẹ̀fẹ̀ rárá, ó kàn jókòó tì í.

"Wọ́n lè má fẹ́ rí mi níbẹ̀," ó ní.

"Wọ́n lè má fẹ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ lọ."

Ó lọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n ti hù sí i lẹ́nu. Ó dáhùn ìkíni rẹ̀, kò fi ẹnu kún un, ó sì dìde tẹ̀ lé e wọlé. Nínú yàrá náà, wọ́n ti gbé ọmọ sínú àpótí gíláàsì kan, wọ́n fi aṣọ dí i lójú, ìhòòhò ló wà yàtọ̀ sí ìdí, iná búlúù sì ń jó lé e lórí. Búlúù yẹn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ara ọmọ, ìrọ̀rí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ létí àpótí, ìrépé òwú tí wọ́n fi dí ojú abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ni iná náà ti gbà. Ìyá àgbà wà lórí àga, kò pariwo mọ́, ó ti kéré sí i láàárín ọjọ́ méjì.

Ìyá ọmọ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, èsì ò tíì dé. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti ń kúrò lára rẹ̀?"

Ìyá àgbà yíjú sí i. Káfíńtà náà sún mọ́ wọn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ṣì ń wò ó kó wí. Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì náà. Ó wo ọmọ, búlúù. Ó wá ohun tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè fi wọ̀n ọ́n, kò rí i. Ó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó rọrùn láti sọ: ó ti ń kúrò. Ta ni kò ní fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin tí kò sùn láti ọjọ́ méjì?

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Wọ́n ṣì ń wò ó.

"Lábẹ́ iná yìí, ojú mi ò lè sọ. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró de èsì."

Obìnrin náà gbé ojú padà sára ọmọ. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. "Lọ́jọ́ Ajé, ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ọmọ ò mu ọyàn mọ́, oorun ló ń sùn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ̀yin náà ì bá ti bẹ̀rù. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Bó ṣe pé àná lẹ wá, ǹ bá ti lé yín jáde." Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ká jọ dúró."

Ó jókòó. Káfíńtà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n dúró títí nọ́ọ̀sì ọjọ́sí fi wọlé pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ó ti wálẹ̀," ó ní. "Ó wálẹ̀ dáadáa. Dókítà ní ẹ̀rù ò bá òun mọ́ lórí rẹ̀."

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Káfíńtà bo ojú mọ́lẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Ojú Àwòdì náà ń sunkún, kò sì nu ún. Nọ́ọ̀sì pa iná búlúù náà, ó tú aṣọ tó wà lójú ọmọ, ó lọ fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ṣẹ́jú, ó fajú ro, ó yanu, ó sì figbe ta.

"Ẹ wá wò ó báyìí," nọ́ọ̀sì ní.

Ojú Àwòdì ti dìde, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó sún sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ìyá ọmọ lọ wò ó.